Bọ́tìnnì Aṣọ Ológun àti Ohun tí Ó Lè Sọ fún Wa

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìlú wa

  Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí a wá bá yín sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti máa retí ọ̀rọ̀ nípa ilé-ẹ̀kọ́, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ni a fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì ni a mú wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹ ó gbọ́ bí bọ́tìnnì kan tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ ti ṣe dá orúkọ bàbá kan padà fún ilé rẹ̀ ní ìlú yìí.

Ní ọjọ́ kan, ní àsìkò eré, a rí ọmọ kíláàsì kẹrin kan tí ó ki okùn bọ ohun róbótó kan, tí ó ń fi í yí bí òkòtó. A gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, a fi aṣọ nù ún. Idẹ ni. Igi ọ̀pẹ kan dúró ní àárín ojú rẹ̀, a sì rí lẹ́tà mẹ́rin kan: W.A.F.F. A bi ọmọ náà pé níbo ni ó ti rí i. Ó ní inú agolo ìyá àgbà ni. Nígbà tí a jáde ilé-ẹ̀kọ́, a bá a délé.

Ìyá àgbà náà gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí a sọ ohun tí a bá wá, wọ́n gbé agolo bísíkíìtì kan jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní, "Tíṣà, ti bàbá ọkọ mi ni. Ṣọ́jà ni wọ́n. Bọ́mà ni wọ́n lọ. Ẹ̀yin ló kù díẹ̀ kí ẹ má bá a. Ọkùnrin kan tí ń ra irin àlòkù kiri ti dá owó lé e, ọ̀la ni ó ní òun ń padà bọ̀." A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí a wo inú agolo náà kí ọ̀la tó dé. Bọ́tìnnì mẹ́rin mìíràn wà níbẹ̀ tí ó bá ti ọwọ́ ọmọ náà mu. Báàjì kan wà tí òun náà ní igi ọ̀pẹ. Bọ́tìnnì kan wà tí ó ń dán yanran, tí ó sì fúyẹ́ bí ìhó ẹ̀pà. Mẹ́dàlì róbótó kan sì wà tí ó ti dúdú. A óò padà sí agolo yìí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí a ti í bi irú nǹkan wọ̀nyí léèrè, tí wọn a sì dáhùn.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a ka ojú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo bọ́tìnnì idẹ ni ti ṣọ́jà. Ọlọ́pàá, wọ́dà, òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ti kọ́sítọ̀ọ̀mù, gbogbo wọn ni ó ti wọ bọ́tìnnì idẹ rí. Nítorí náà, lẹ́tà àti àwòrán ni kí a wò. W.A.F.F. ni ìkékúrú orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lugard ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn jọ láti 1897. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n so àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà, ti Gold Coast tí ó di Gánà ní 1957, ti Sàró àti ti Gáḿbíà pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan yìí. Igi ọ̀pẹ ni àmì wọn. Ní 1914, àwọn ọmọ ogun Àríwá àti ti Gúúsù di ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà kan ṣoṣo. Ní 1928, Ọba Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ ọlá kún orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ náà, lẹ́tà R sì wọlé síwájú, ó di R.W.A.F.F. Ẹ wo bí lẹ́tà kan ti lágbára tó! Bí ọ̀pẹ bá wà tí R kò sí níwájú W, a ti ṣe irú ohun náà kí ó tó di 1928. Bí R bá wà níbẹ̀, kò lè ṣáájú ọdún náà.

Bí a bá ń sún mọ́ ìgbà òmìnira, orúkọ tún ń yí padà. Ní 1956, nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth bẹ Nàìjíríà wò, a fi orúkọ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà lọ́lá. Ní 1960 wọ́n di ọmọ ogun Nàìjíríà tí ó ṣì ní ọ̀rọ̀ Royal lórí. Nígbà tí a di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba Gẹ̀ẹ́sì lórí mọ́ ní 1963, ọ̀rọ̀ náà kúrò, adé sì kúrò pẹ̀lú rẹ̀. Ẹyẹ idì ni ó wá wà lórí àmì ọmọ ogun Nàìjíríà.

Èyí mú wa dé orí adé. Bí adé bá wà lórí bọ́tìnnì tàbí báàjì, ẹ wo òkè rẹ̀ dáadáa. Láti 1901, nígbà tí Ọba Edward keje jẹ, títí dé ìgbà tí Ọba George kẹfà wàjà ní 1952, adé tí wọ́n ń lò yí roboto lókè bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Lẹ́yìn tí Ọbabìnrin Elizabeth gorí oyè, láti nǹkan bí 1953, adé mìíràn rọ́pò rẹ̀: èyí lọ sílẹ̀ díẹ̀ ní àárín, èjìká rẹ̀ méjèèjì sì yọ sókè bí gàárì ẹṣin. Igbá tí a dé ni ti ọba. Gàárì ni ti ọbabìnrin. Ọmọ kíláàsì kẹrin lè há a sórí. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé Ọba Charles tí ó jẹ ní 2022 ti dá adé tí ó yí roboto padà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá rí adé bẹ́ẹ̀ lórí nǹkan tuntun, ẹ má ṣe kánjú pè é ní ti ayé àtijọ́.

Lẹ́tà orúkọ ọba náà a máa wà nígbà mìíràn. R tí ó máa ń wà níbẹ̀ dúró fún ọba tàbí ọbabìnrin ní èdè Látìnì. G pẹ̀lú V àti R jẹ́ ti George karùn-ún, tí ó jọba láti 1910 sí 1936. G pẹ̀lú VI jẹ́ ti George kẹfà, láti 1936 sí 1952. E pẹ̀lú II jẹ́ ti Elizabeth kejì, láti 1952 sí 2022. Ẹni tí ó bá mọ àwọn ọdún mẹ́ta wọ̀nyí ti ní kọ́kọ́rọ́ àpótí púpọ̀ lọ́wọ́.

Ohun kejì ni kí a yí i padà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ̀yìn bọ́tìnnì ni ẹni tí ó ṣe é máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí. Lọ́ńdọ̀nù àti Birmingham ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, àwọn orúkọ bíi Firmin àti Gaunt sì wọ́pọ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ a máa yí padà bí ọmọ bá wọ òwò pẹ̀lú bàbá, tàbí bí wọ́n bá kó lọ sí òpópónà mìíràn, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́yìn lè sọ ọjọ́ orí ju ojú lọ. Bí ẹ bá rí Ltd. ní ìparí orúkọ, ẹ mọ̀ pé kò lè ṣáájú 1855, ọdún tí òfin Gẹ̀ẹ́sì fi àyè gba irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí báàjì bá jẹ́ ti fàdákà, ẹ wá àwọn àmì kéékèèké tí a lù sí ẹ̀yìn rẹ̀: ìdákọ̀ró ni àmì Birmingham, lẹ́tà kan sì máa ń bá a rìn tí í sọ ọdún. Lórí abọ́ ìjẹun, ọ̀bẹ àti irú ẹrù ológun bẹ́ẹ̀, ẹ wá àmì ọfà tí ó dà bí ẹsẹ̀ adìẹ. Àmì ohun ìní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni, a sì sábà máa ń kọ ọdún tí a ṣe nǹkan náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ohun kẹta ni kí a mọ ohun tí a fi ṣe é. Idẹ ni ó pọ̀ jù láyé àtijọ́. Nígbà ogun 1939 sí 1945, nígbà tí idẹ di ohun tí a ń wá fún ọta ìbọn, wọ́n fi ike ṣe báàjì mìíràn. Lẹ́yìn 1950, alumíníọ̀mù tí a pa láró wúrà bẹ̀rẹ̀ sí rọ́pò idẹ, kí ṣọ́jà má baà máa fi gbogbo òwúrọ̀ dán bọ́tìnnì. Ó fúyẹ́, kì í dúdú, ó sì ń dán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nù ún. Ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́: ọwọ́ yóò sọ fún yín kí ojú tó sọ. Ẹ fi òòfà kàn án pẹ̀lú. Òòfà kì í fa idẹ, kì í sì í fa alumíníọ̀mù. Bí ó bá fà á, irin wà nínú rẹ̀, ẹ sì ní láti fura. Ẹ fura pẹ̀lú sí èyí tí ojú rẹ̀ rí ṣákaṣàka, tí lẹ́tà rẹ̀ kò mú, tí ó sì kéré díẹ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe ayédèrú a máa fi ojúlówó tẹ àpẹẹrẹ, wọn a sì da irin yíyọ́ sínú rẹ̀. Bí irin náà bá tutù, a súnkì.

Àmì mìíràn wà tí kì í ṣe idẹ rárá. Àwọn bàbá wa tí wọ́n lọ sí Bọ́mà, tí a ń pè ní Myanmar lónìí, rán àmì aṣọ mọ́ apá. Ẹgbẹ́ ogun ńlá kọkànlélọ́gọ́rin, tí a kó jọ ní 1943, ní aláǹtakùn dúdú lórí àwọ̀ ìyeyè. Ananse ni aláǹtakùn náà, ọlọ́gbọ́n inú àlọ́ àwọn ará Asante, gẹ́gẹ́ bí Ìjàpá ti rí nínú àlọ́ tiwa. Ẹgbẹ́ kejìlélọ́gọ́rin, tí a kó jọ ní ọdún kan náà, ní ọ̀kọ̀ méjì tí wọ́n dábùú ara wọn gba inú òṣùká alárùù. Ẹ wo òṣùká lórí aṣọ ogun! Ẹni tí ó yàn án mọ̀ pé orí ni a fi ru ogun náà, nínú igbó tí ọkọ̀ kò lè gbà kọjá. Ní 1944, ìpín kẹfà, ìkeje àti ìkejìlá ti ẹgbẹ́ Nàìjíríà bá àwọn tí à ń pè ní Chindit jà lẹ́yìn ọ̀tá. Àmì àwọn yìí ni ẹranko bíi kìnnìún tí í ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì ní Bọ́mà.

Mẹ́dàlì ni ó kù. Ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàárín ogun méjèèjì tí ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Mẹ́dàlì ogun kejì tí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ ogun wa, ìràwọ̀ Bọ́mà pàápàá, a kọ orúkọ ogun sí i, ṣùgbọ́n a kò kọ orúkọ ẹni tí ó gbà á. Ìràwọ̀ idẹ ni, igun mẹ́fà ni ó ní, G, R, I àti VI wà ní àárín rẹ̀. Ti ogun àkọ́kọ́ yàtọ̀. Mẹ́dàlì fàdákà róbótó rẹ̀ ní orí Ọba George karùn-ún ní ojú kan, ní ojú kejì ọkùnrin kan wà lórí ẹṣin pẹ̀lú 1914 àti 1918. Ní etí rẹ̀, níbi tí ó nípọn bí etí kọ́bọ̀ àtijọ́, a kọ nọ́ńbà ṣọ́jà, ipò rẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí agolo ìyá àgbà. Báàjì àti bọ́tìnnì márùn-ún ní ọ̀pẹ, wọ́n ní W.A.F.F., R kò sí níwájú wọn. Wọ́n ti wà kí ó tó di 1928. Bọ́tìnnì fúyẹ́fúyẹ́ náà ní adé bíi gàárì, alumíníọ̀mù sì ni. Kò lè ṣáájú 1953. Ẹnì kan kò lè wọ méjèèjì nínú iṣẹ́ ogun kan náà. Nígbà tí a sọ èyí, ìyá àgbà pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní, "Ti àbúrò ọkọ mi ni kékeré yẹn! Òun náà ṣe ṣọ́jà kí a tó gba òmìnira." Ṣọ́jà méjì ni ó wà nínú agolo kan, ilé sì ti sọ wọ́n di ọ̀kan.

A gbé mẹ́dàlì náà sínú oòrùn. Ọkùnrin orí ẹṣin wà níbẹ̀, 1914 àti 1918 wà níbẹ̀. A fi awò tí í mú nǹkan tóbi wo etí rẹ̀. Nọ́ńbà ni a kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà orúkọ kan tí ìyá àgbà mọ̀, nítorí òun ni wọ́n fi ń ki ọkọ wọn ní òwúrọ̀. Orúkọ kejì ni ó ya gbogbo wa lẹ́nu: orúkọ ìlú wa yìí ni. Ní ayé ìgbà náà, bí akọ̀wé ogun bá bi ọmọkùnrin kan ní orúkọ rẹ̀, tí ó sì dáhùn, wọn a tún bi í pé níbo ni ó ti wá, wọn a sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ ṣe orúkọ ìdílé fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé orúkọ ìlú wa ti wà ní etí fàdákà fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, nínú agolo bísíkíìtì, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀.

Àkọ́bí ìyá àgbà wọlé bá wa. Nígbà tí ó gbọ́, inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní, "Tíṣà, ẹ fẹ́ gba Bọ́mà lọ́wọ́ wa ni?" A kò dá a lẹ́bi. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi Bọ́mà ki ilé wọn. A ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Bọ́mà ní ẹlẹ́rìí púpọ̀ ní ìlú yìí; àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni ó ní tirẹ̀. Ogun 1914 kò ní ẹyọ kan àfi bàbá yín." Ó dákẹ́ pẹ́. Ó gba mẹ́dàlì náà, ó fi àtàǹpàkò pa etí rẹ̀ yíká, ó sì ní kí a tún ka orúkọ náà fún òun.

Ẹ kíyè sí i pé mẹ́dàlì náà kò sọ ibi tí bàbá náà ti jà. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà jà ní Kamẹrúùnù láti 1914 sí 1916. Láti òpin 1916 wọ́n jà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ní ilẹ̀ tí ó di Tanzania lẹ́yìn náà, níbi tí ìjà Mahiwa ti le gidigidi ní oṣù kẹwàá 1917. A kò fi bàbá náà sí ibì kankan nínú àwọn wọ̀nyí. Ohun tí ẹ̀rí bá sọ ni kí a sọ. Ibi tí ó bá dákẹ́, kí àwa náà dákẹ́ títí ẹ̀rí mìíràn yóò fi dé. Bọ́tìnnì kan kò sì tó láti fi sọ pé ẹnì kan jẹ́ ṣọ́jà, nítorí a ń ra aṣọ ológun lọ́jà, télọ̀ sì ń já bọ́tìnnì aṣọ kan rán mọ́ òmíràn. Bí ẹ bá bá ẹ̀wù odindi, bọ́tìnnì tí ó kéré lọ́jọ́ orí jù lọ lára rẹ̀ ni yóò sọ ìgbà tí a wọ̀ ọ́ kẹ́yìn.

Ẹ̀yin ará wa, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Bí a bá wọn idẹ lórí òṣùwọ̀n, iye rẹ̀ kò tó oúnjẹ òwúrọ̀. Bí ó bá sì wọ iná alágbẹ̀dẹ, kò sí ẹni tí yóò rí i mọ́. Ìkejì, ẹ má ṣe fi Brasso, eérú tàbí osàn wẹ́wẹ́ bó o. Bí ẹ ti ń bó ìdọ̀tí ni ẹ ń bó lẹ́tà. Ẹ fi aṣọ fífẹ́lẹ́ nù ún, ẹ fi bébà wé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ gbé e sí ibi gbígbẹ, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ tí àgbà ilé sọ nípa rẹ̀ sórí bébà náà, àní bí ẹ bá tilẹ̀ rò pé àgbà ṣì í sọ. Ìkẹta, ẹ jẹ́ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ṣí ìwé kan. A kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó gbé ohun ìní bàbá rẹ̀ lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Kí a ya àwòrán ojú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ àti etí rẹ̀, kí a gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí onínǹkan sì gbé nǹkan rẹ̀ padà sílé.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ tiyín wà níbẹ̀. Ní Kew ni ilé ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà, níbẹ̀ ni wọ́n tọ́jú ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n gba mẹ́dàlì ogun àkọ́kọ́ sí. Bí akọ̀wé bá fi nọ́ńbà etí mẹ́dàlì kan ránṣẹ́ sí yín, ẹ bá wa dé ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn, ilé ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn fún yín. Àwọn bàbá wa tí wọ́n kú sí Bọ́mà láìní ibojì tí a mọ̀ pàápàá, a fín orúkọ wọn sára òkúta ní Taukkyan, ní ẹ̀yìn odi Rangoon. Bóyá orúkọ ìlú wa wà níbẹ̀ náà, lẹ́yìn orúkọ ọmọ ilé kan tí ń jókòó níbí lónìí.

Ọkùnrin tí ń ra irin àlòkù padà wá ní ọjọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí ó ti wí. Ìyá àgbà fún un ní ìkòkò alumíníọ̀mù kan tí ìdí rẹ̀ ti lu, wọ́n sì ní kí ó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ọmọ kíláàsì kẹrin náà bèèrè bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́wọ́ wa. A ní ó ti wà nínú agolo pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, a sì fún un ní ìdérí ìgò dípò rẹ̀. Ó ń yí dáadáa.

 Kí Olódùmarè jẹ́ kí ìlú wa máa gòkè, kí orúkọ rere máa ṣẹ́kù lẹ́yìn olúkúlùkù wa. Àṣẹ.